Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n Mi Lórí Àtọ̀ Tí Kò Jáde

Manchester

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá mi sọ lórí fóònù kò kúrò lọ́kàn mi. Kò rọrùn kí ẹ̀gbọ́n sọ irú rẹ̀ létí àbúrò. Ẹ ṣeun tí ẹ fọkàn tán mi. Ẹ ní nǹkan ọmọkùnrin yín ń ṣiṣẹ́, adùn ń dé, àmọ́ àtọ̀ kì í jáde mọ́. Ẹ ní bí ẹ bá tọ̀ lẹ́yìn náà, ìtọ̀ yín a dà bí omi ẹ̀kọ. Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Mo rò pé àtọ̀ yín kò gbẹ. Inú àpò ìtọ̀ ló ń lọ.

Bí àtọ̀ ọkùnrin bá fẹ́ dà, ẹnu àpò ìtọ̀ máa ń pa dé, kí àtọ̀ lè gba iwájú jáde. Àwọn iṣan tín-ín-rín tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ kiri ara ló ń pa á dé. Ìtọ̀ ṣúgà tó bá pẹ́ lára tí a kò kápá rẹ̀ a máa ba irú iṣan bẹ́ẹ̀ jẹ́, àní títí dé ti àtẹ́lẹsẹ̀ tí ẹ ní ó ń jó yín lálẹ́. Ẹnu àpò ìtọ̀ á wá ṣí sílẹ̀, àtọ̀ á wọ ibẹ̀, ẹ ó sì tọ̀ ọ́ dànù. Kò pa ọkùnrin lára, àmọ́ ó máa ń ṣòro kí oyún ti ibẹ̀ wá. Iṣẹ́ abẹ pròsítéètì náà a máa fà á, bẹ́ẹ̀ ni oògùn ìtọ̀ kan tó ń jẹ́ tamsulosin. Ẹ kò ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn, ẹ kò sì lo oògùn náà, ìdí nìyẹn tí mo fi fura sí ṣúgà yín.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìyàwó wa. Torí pé kò lóyún, wọ́n ti ya fọ́tò ilé ọmọ rẹ̀, wọ́n ti mú un lọ sórí òkè àdúrà, Màmá sì ti ń fajú ro sí i. Kò sẹ́ni tó tíì gbé ìtọ̀ tiyín dé láàbù. Ẹ̀gbọ́n, ẹ pe Màmá jókòó, kí ẹ sọ fún wọn pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹnu yín ló yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ọ.

Àyẹ̀wò náà kò le. Ẹ ó kọ́kọ́ tọ̀ kí àpò ìtọ̀ ṣófo. Bí ẹ bá ti da àtọ̀ tán, ẹ ó tún tọ̀ sínú ike, wọn yóò sì wá irú ọmọ nínú rẹ̀. Ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn ni kí ẹ lọ, kí ẹ béèrè urologist, dókítà tó ń tọ́jú ọ̀nà ìtọ̀. Àwọn oògùn bíi imipramine lè mú kí ẹnu àpò ìtọ̀ tún máa pa dé, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru yín kò ní jẹ́ kí ẹ dá a lò láìsí dókítà. Kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń ràn. Bí kò bá ràn, wọ́n lè dín kíkan ìtọ̀ kù, nítorí kíkan rẹ̀ ń pa irú ọmọ, kí wọ́n ṣà wọ́n jáde, kí wọ́n sì lò wọ́n láti fún ìyàwó lóyún. Bó bá gba pé kí wọ́n pa ẹyin ìyàwó pọ̀ mọ́ irú ọmọ náà ní láàbù, kò ṣàjèjì nílé: láti 1989 ni wọ́n ti bí ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ilé ìwòsàn LUTH l'Ékòó.

Agbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n ń fi ọtí rẹ fún yín, ẹ dákun, ẹ fi sílẹ̀. Kò lè tún iṣan ṣe, ọtí inú rẹ̀ sì ń da ṣúgà yín rú. Ẹ má dá metformin, oògùn ṣúgà yín, dúró.

Ẹ bá mi sọ fún Ṣẹ́gun náà. Ó ní àtọ̀ tòun ń tètè dà, ló bá ń gbé tramadol mì. Oògùn yẹn ń di bárakú, ó sì ń fa gìrì. Ní 2005, wọ́n fi aago wọn bó ṣe ń pẹ́ tó kí àtọ̀ ọkọ tó dà láàárín àwọn tọkọtaya 500 ní orílẹ̀-èdè 5: ìdajì wọn kò kọjá ìṣẹ́jú 5 lé díẹ̀. Bí tirẹ̀ kò bá tó ìṣẹ́jú 1, kó lọ rí dókítà. Ìpara wà, oògùn dapoxetine wà.

Ẹ kọ orúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sínú ìwé, kí ẹ mú un dání, kí ẹ sì mú ìyàwó lọ́wọ́ lọ. Owó àyẹ̀wò yóò wọlé sí àkáǹtì yín kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Àbúrò yín,
Fẹ́mi