Sí Àkànní, tí wọ́n fa ìkànnì yunifásítì lé lọ́wọ́

Mùṣín, Èkó

Àkànní, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ìyá rẹ ní ìkànnì Yunifásítì Èkó ní Akoka ni wọ́n fà lé ọ lọ́wọ́. Inú mi dùn, mo sì jókòó ti ìwé yìí lójú ẹsẹ̀, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tí mo máa sọ ọ̀rọ̀ yìí fún.

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ní kafé níbí. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan wọlé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ tó ń ta ata. Ilé ìwé gíga kan ti gbà á wọlé. N kò ní dárúkọ wọn. Dátà fóònù rẹ̀ ti tán sórí ojú ewé tó kọ̀ tí kò ṣí. A ṣí i lórí kọ̀ǹpútà. Àwòrán ọ̀gá ilé ìwé ló kọ́kọ́ yọ, ọ̀rọ̀ ìkíni tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni PDF olójú ewé mẹ́sàn-án. Ojú ewé keje la ti rí gbèdéke owó acceptance. Ó ti fi ọjọ́ méjì kọjá. Ìyá ọmọ náà bi mí pé, "Ṣé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ni?" Mo ní wọ́n kọ ọ́. Ó ní, "Kí ló wá dé tí a ò fi tètè rí i?"

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kí o gbé dání lọ síbi iṣẹ́.

Láyé pátákó ìkéde, ẹni tí ọ̀rọ̀ kò bá yé á bi ẹni tó dúró tì í. Nísinsìnyí, lóru, ọmọ á dá wà pẹ̀lú fóònù. Láti 2017 tí àjọ JAMB ti gbé CAPS, ètò ìgbàwọlé orí ayélujára, dé, ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ pé òun gba àyè tí wọ́n fún òun tàbí pé òun kò gbà. Wo bí ọ̀rọ̀ orí bọ́tìnì kan ṣe wúwo tó!

Nítorí náà, gbèdéke àti iye owó ni kó kọ́kọ́ yọjú. Kọ ọ́ pé "San owó yìí kó tó di ọjọ́ báyìí". Fi Gẹ̀ẹ́sì akọ̀wé kọ́ọ̀tù sílẹ̀. Yọ ojú ewé ọdún tó kọjá kúrò: ọmọ tó gba orí Google wọlé kò mọ̀ pé ó ti gbó, mo sì ti rí àwọn tó sanwó ọdún tó kọjá. Dín àwòrán kù. Owó oúnjẹ làwọn mìíràn fi ń ra dátà.

Ti PDF tí wọ́n yà bíi fọ́tò tún burú jù: ẹ̀rọ tó ń kàwé sétí ẹni tí kò ríran kò rí lẹ́tà kankan níbẹ̀. Sùúrùlérè ni Pacelli wà, ilé ìwé àwọn ọmọ tí kò ríran. 1962 tí wọ́n dá Yunifásítì Èkó sílẹ̀ náà ni wọ́n dá a sílẹ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ń dàgbà, wọ́n ń wá àyè bíi ti ẹlòmíràn. Òfin tó ní a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀tọ́ àkàndá ẹ̀dá dù wọ́n ti wà láti oṣù Kìíní 2019.

Àwọn ọ̀gá yóò wá bá ọ, oníkálukú á ní tòun ni kí o gbé síwájú. Má bá wọn jiyàn. Dọ̀bálẹ̀, kí o ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wá iye owó họ́sítẹ̀ẹ̀lì lórí fóònù yín." Kí o wá dákẹ́.

Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa bí ìkànnì ṣe ń rọrùn lò, kọ ọ́ ní 2000 pé bí ènìyàn márùn-ún péré bá dán ìkànnì wò níṣojú ẹni, èyí tó pọ̀ jù nínú àléébù rẹ̀ ni yóò hàn. Ohun tí mo rí ní kafé náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n má ṣa àwọn márùn-ún náà ní ọ́fíìsì yín. Ọmọ aládùúgbò mi fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù Post-UTME rẹ̀ ní Sátidé, lórí fóònù tí gíláàsì rẹ̀ ti sán. Wá jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Má fọwọ́ kan fóònù náà, má sì sọ ibi tí yóò tẹ̀ fún un. Mo ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé o ń bọ̀.

Èmi ni,
Àǹtí rẹ, Ìyá Kafé