Èéfín Ìbọn Là Ń Wò

Ní ayé ìgbà tiwa, asáré kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run sínú ìdíje orílẹ̀-èdè. Kí ó tó débẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, ìlú rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, àwọn tí ó ti fìyà jẹ lórí pápá náà sì ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kiri. Inter-house ni ìpìlẹ̀: ilé pupa, ilé búlúù, ilé yẹ́lò, ilé gíríìnì. Ẹni tí ó bá ta yọ níbẹ̀ ni yóò bá ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn figagbága. Ní apá Ìwọ̀-Oòrùn, Grier Cup ni àwọn ọmọkùnrin ilé-ẹ̀kọ́ girama ń dù. Orí gbogbo ìwọ̀nyí ni ìdíje gbogbo Nàìjíríà jókòó lé, lábẹ́ ẹgbẹ́ eré orí pápá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1944.

Àwa ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní tiwa ní ọjọ́ Ẹ́ńpáyà, 24 oṣù Karùn-ún. A ó kọ́kọ́ yan bíi sọ́jà níwájú àwọn òyìnbó aláṣẹ, lẹ́yìn náà ni eré yóò bẹ̀rẹ̀. Yáàdì la fi ń wọn ọ̀nà nígbà náà, 100, 220, 440, kí ọ̀rọ̀ mítà tó dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń tún pápá ṣe. Àwọn ọmọ á fi àdá bẹ́ koríko nílẹ̀. Tíṣà á kan èèkàn, á ta okùn le dain-dain, a ó sì máa fi ẹfun tí a pò mọ́ omi fa ìlà lẹ́bàá okùn náà. Bí òjò bá rọ̀ lóru, a tún un fà láàárọ̀ kí àlejò tó dé. Iyanrìn ni àwọn tó ń fò sókè ń balẹ̀ sí. Kò sí tìmùtìmù, nítorí náà ẹsẹ̀ ni ọlọgbọ́n fi ń balẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹ̀yìn bọ́ ń wá iṣẹ́ fún dókítà.

Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló tọ́ Emmanuel Ifeajuna dàgbà. Ní 1954, nínú ìfò sókè ní ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì tó wáyé ní Vancouver, ó fo ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íńṣì 8, ó gba wúrà, bàtà ẹyọ kan ṣoṣo ló sì wọ̀, sí ẹsẹ̀ òsì. Kò sí ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú tó gba wúrà rí nínú irú ìdíje àgbáyé bẹ́ẹ̀. Wọ́n tẹ àwòrán rẹ̀ sẹ́yìn ìwé tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń kọ nǹkan sí. Kò sí ọmọkùnrin kan láàárín wa tí kò bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ lọ́dún náà, àwọn tí kò tilẹ̀ ní bàtà náà ń wá a láti bọ́!

Nígbà tí mo di tíṣà, iṣẹ́ aago ni wọ́n gbé fún mi. Mo ṣe é dé Liberty Stadium ní Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1960. Orí àtẹ̀gùn onígi la máa ń jókòó sí níbi tí eré ti ń parí, pẹ̀lú aago tí a ń fi àtàǹpàkò tẹ̀. Ẹni tó ń yin ìbọn wà lọ́hùn-ún, nítorí náà wọ́n kọ́ wa pé kí a má dúró de ìró rẹ̀. Èéfín là ń wò. Bí ó bá ti rú, o ti gbọ́dọ̀ tẹ aago, nítorí pé ní ọ̀nà 100 mítà, ìró máa ń fi bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju ojú lọ. Àwa mẹ́ta là ń wo ẹni àkọ́kọ́. Bí aago méjì bá bá ara wọn mu, tiwọn la mú. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yàtọ̀, tàárín la mú. Òwú tín-ín-rín la ta sọ́nà, ẹni tó bá fi àyà já a ló jẹ.

N kò ní purọ́ pé ìgbà náà ló dára jù. Àtàǹpàkò wa máa ń ta asáré lọ́rẹ. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ní 100 mítà, aago ọwọ́ ń yá ju ẹ̀rọ lọ ní nǹkan bíi ìṣẹ́jú-àáyá 0.24. Ọ̀pọ̀ bàbá ni kò sì fẹ́ rí ọmọbìnrin nínú ṣòkòtò péńpé. Modupe Oshikoya ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́: wúrà mẹ́ta ní ìdíje Áfíríkà tó wáyé ní Èkó ní 1973, wúrà mìíràn nínú ìfò gígùn ní ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ní Christchurch ní 1974.

Wuye, ní Abuja, ni mo ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi báyìí. Pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Kukwaba kò jìnnà sí wa, ìjókòó tó lé ní 60,000 ló ní. Níbẹ̀ ni Deji Aliu ti sá 100 mítà ní 9.95 ní ìdíje Áfíríkà ti 2003, ẹ̀rọ ló kà á, kì í ṣe àtàǹpàkò ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ-ọmọ mi, ilé gbígbé ni tẹ́lẹ̀. Íńtálọ́ọ̀kù ló bo àgbàlá rẹ̀, ọkọ̀ bọ́ọ̀sì sì gba ìyókù. Fún inter-house, pápá ni wọ́n lọ háyà, pẹ̀lú kánópì àti ẹ̀rọ orin. Mo bi ọmọ náà léèrè ipò tó gbà. Ó ní, “Bàbá àgbà, èmi ò sáré o. Ijó ni wọ́n ní kí kíláàsì wa jó.”

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Tobi Amusan tó fi 12.12 ṣe àkọsílẹ̀ àgbáyé tuntun ní 2022, eré ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde ló ti gbéra. Bí ìdíje orílẹ̀-èdè ò bá ní ọ̀pọ̀ asáré tuntun, ẹ má kọ́kọ́ bi Abuja. Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ẹ bá fẹ́ san owó ilé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n bá fi kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ amúlétutù hàn yín tán, ẹ béèrè pé: pápá yín dà?