Àlejò ní Ilé Baba Rẹ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé, àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́: ẹni tí a bí sí àjò ńkọ́? Níbo ni yóò pè ní ilé?

Ìlú Kùmásì ní ilẹ̀ Gánà ni a bí baba mi sí, nítorí òwò ni ó gbé baba tirẹ̀, ọmọ Ọ̀fà, lọ síbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Baba mi ta gbogbo aṣọ ìsọ̀ rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú fún àwọn tí í máa bá a jẹun, ó sì wọ ọkọ̀ wá sí Ọ̀fà, ìlú tí kò fi ojú kàn rí. Àwọn ẹbí gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Síbẹ̀ ‘Ará Gánà’ ni wọ́n ń pè é títí ó fi kú. Bí ó bá ń ka owó, èdè Twi ni í máa fi kà á.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìjọba Nàìjíríà náà wá fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Aránṣọ kan, ọmọ Gánà, ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa. Àwọn aládùúgbò ṣù bo ẹrù rẹ̀, wọ́n ń ná an ní ìnákúnàá. Ìyá mi ra máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, ó sì gbé e wálé tayọ̀tayọ̀.

Baba mi bi í ní iye tí ó rà á. Nígbà tí ó gbọ́, ó wọ iyàrá, ó kó owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n mi jáde.

Ìyá mi wí pé, ‘Baálé mi, kí ni a ó fi san owó àwọn ọmọ?’

Ó dáhùn pé, ‘Ìyá àwọn ọmọ mi, wọ́n ti ra ọjà tèmi báyìí rí.’

Mo tẹ̀ lé e. Ó san owó náà pé ní ẹnu ọ̀nà aránṣọ. Àwọn méjèèjì ń sọ Twi, baba mi sì rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ni ó sọkún.

Ẹ̀gbọ́n mi àgbà jókòó sílé ní sáà náà, ó sì pẹ́ kí ó tó dárí ji baba wa. Máṣíìnì yẹn ni ìyá mi fi rán aṣọ funfun tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ka ẹ̀kọ́ nínú ìjọ.

Nísinsìnyí, bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní òfin tí Mósè fi lélẹ̀ nípa àlejò, nítorí pé Ísírẹ́lì pàápàá ti ṣe àlejò rí, ìtàn yìí ni mo fi ń ṣe àlàyé. Baba mi kò ní ilé tán ní Kùmásì, kò sì ní in tán ní Ọ̀fà. Ṣùgbọ́n ní ẹnu ọ̀nà aránṣọ yẹn, mo gbà pé ó dé ilé fún ìgbà díẹ̀.