Sọ́kẹ́ẹ̀tì Kékeré Tí Ó Kó Ìtìjú Bá Mi

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe ohun mímì fún adìẹ. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní òwe yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ìgbà òjò ọdún 2023 ni ó tó yé èmi fúnra mi. Ohun tí ó là mí lójú kò tóbi ju orí àtàǹpàkò lọ. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ni.

Ìbà ni mo ń gbé. Mo ní ọkọ̀ Toyota Camry kan, ti ọdún 1999. Òun ni mo fi ń gbé ìyàwó mi lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ ní Òkokomàíkò ní òwúrọ̀, òun náà ni a sì fi ń kó ọjà. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì kò ní bi mí léèrè ohun tí ó gbó ọkọ̀ náà. Láti ayé Gómìnà Fáṣọlá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fẹ ọ̀nà yẹn sí ipa mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwa ará Ọ̀jọ́ sì fi ń ti inú kòtò bọ́ sínú kòtò, tí a ń la omi kọjá láàárín títì nígbà òjò. Bí ara wa ṣe mọ̀ ọ́n ni ara ọkọ̀ mọ̀ ọ́n.

Ọdún náà le fún olúkúlùkù. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Epo tí a ń rà ní nǹkan bí ₦190 di nǹkan bí ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì mi kò kúrò níbi tí ó wà. Mò ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ọkàn tí ó wà nínú mi nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Báyìí ni ó ṣe ń ṣe: bí mo bá wọ kòtò, ẹ́ńjìnnì a kú fin-ín. Nígbà mìíràn a tún jí bí mo bá ṣáná sí i. Nígbà mìíràn ó di ìgbà tí ara rẹ̀ bá tutù. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mi ní Ìyànà-Ìbà. Ọmọ tí mo kọ́ ní ìwé kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ó ti di bàbá ọlọ́mọ báyìí, ó sì ní ọmọ-iṣẹ́ mẹ́ta lábẹ́ rẹ̀. Ó fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ wò bi ọkọ̀ náà léèrè, ẹ̀rọ náà sì kọ P0335. Ó ní sẹ́ńsọ̀ kíráńkì ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ó fa nǹkan kan yọ, ó sì pè mí.

Ó ní, “Tíṣà, ẹ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó gbé iná wọ sẹ́ńsọ̀ náà. Ìkọ́ rẹ̀ ti ṣẹ́, ẹnu rẹ̀ sì ti là. Ẹ jẹ́ kí a pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. ₦3,000 péré ni yóò fi kún owó wa.”

Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Mo ní, “Ṣé ìwọ náà ti fẹ́ máa gbọ́n mọ́ mi lọ́wọ́? Sẹ́ńsọ̀ ni ẹ̀rọ dárúkọ. Sẹ́ńsọ̀ ni kí o pààrọ̀.”

Kò jà mí níyàn. Ẹni tí ó ti na ènìyàn ní pàṣán rí, tí ó sì kọ́ ọ ní ìwé, kò rọrùn láti bá jiyàn. Ó pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀, mo san ₦18,000, mo sì wa ọkọ̀ mi lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi ṣe dáadáa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, a ń ti Àláàbà bọ̀ nínú òjò. Ìyàwó mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọmọ-ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, wà lẹ́yìn láàárín ẹrù. Bí a ti kọjá Volks díẹ̀, tí a wọ kòtò kan, ọkọ̀ kú pátápátá. Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì nìkan ni ó ń kú bí ọkọ̀ bá kú bẹ́ẹ̀. Ìdarí a wúwo bí ọlọ, bíréèkì náà a sì le. Tírélà kan ń bọ̀ lẹ́yìn wa, ó ń fọn fèrè, iná rẹ̀ kún inú ọkọ̀ wa bí ọ̀sán. Dẹ́rẹ́bà rẹ̀ yà á gba ẹ̀gbẹ́ wa, omi sì bò wá. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Ìgbà tí ó pẹ́ díẹ̀ ni ọmọ náà béèrè pé, “Bàbá àgbà, ṣé a ti délé ni?”

Ìbẹ̀rù yẹn ni ó di ìbínú lọ́jọ́ kejì. Mo lọ sí Ìyànà-Ìbà lójú gbogbo ènìyàn. Àwọn ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn oníbàárà sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo pè é ní olè. Mo ní ayédèrú sẹ́ńsọ̀ ni ó tà fún mi, mo ní ó fẹ́ pa ìdílé mi nítorí ₦18,000. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó kàn ń wí pé, “Ẹ má bínú, Tíṣà.” Mo mú ọkọ̀ mi kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo lọ sí ọjà àwọn oníṣòwò ohun èlò ọkọ̀ ní Trade Fair, mo ra sẹ́ńsọ̀ mìíràn ní ₦22,000, mo gbé e fún ẹlòmíràn kí ó bá mi dè é. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọkọ̀ tún kú. Nígbà yìí ni ìyàwó mi sọ fún mi pé bàbá kan wà lẹ́yìn ìsọ̀ òun ní Òkokomàíkò tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kìkì wáyà ọkọ̀, irú àwọn tí a ń pè ní rìwáyà.

Bàbá náà kò fọwọ́ kan sípánà rárá. Ó ní kí n ṣáná sí ọkọ̀, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè kí bẹ́líìtì má baà gbé e, ó mú igi gbígbẹ kan, ó sì fi í ti wáyà sẹ́ńsọ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Bí igi ti kan sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ́ńjìnnì kọ́, ó sì kú. Ó ní kí n tún ṣáná. Ó tún fi igi kàn án, ẹ́ńjìnnì tún kú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Tíṣà, ibi tí àrùn wà nìyẹn. Sẹ́ńsọ̀ yín kò ṣẹ̀ yín.”

Kí ẹ̀yin tí ẹ ń lo ọkọ̀ tokunbo lè gbọ́ ọ yé, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí ó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ ní ni Volkswagen Ìjàpá, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí tò ní ojú ọ̀nà Àgbádárìgì yìí kan náà ní ọdún 1975. Wọn kò tò ó níbẹ̀ mọ́ tipẹ́, orúkọ náà ni a ṣì fi ń pe ibùdókọ̀. Ìjàpá kò ní sẹ́ńsọ̀ kíráńkì. Irin kékeré méjì tí í pàdé tí í sì í pínyà ni ó ń pín iná fún plọ́ọ̀gì, bí ó bá sì dọ̀tí, a ó fi yanrìn-pépà gbo ojú rẹ̀. Àrùn rẹ̀ hàn sí ojú.

Ọkọ̀ ìsinsìnyí ní ọpọlọ tirẹ̀, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní brainbox. Kò ní ojú tí ó fi ń rí ẹ́ńjìnnì. Sẹ́ńsọ̀ ni ó ń ka eyín àgbá tí ó ń yí pẹ̀lú kíráńkì, tí ó sì ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ibi báyìí ni kíráńkì dé, kí òun lè mọ ìgbà tí yóò tan iná àti ìgbà tí yóò fún ẹ́ńjìnnì ní epo. Iná tí ó gbé iṣẹ́ yìí kò lágbára rárá. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá là, tàbí tí ó bá dógùn-ún, iṣẹ́ náà yóò já lójú ọ̀nà. Ọpọlọ kò ní gbọ́ nǹkan kan, kò sì ní dáná mọ́. P0335 tí ẹ̀rọ kọ, kò túmọ̀ sí pé sẹ́ńsọ̀ ti bàjẹ́. Ohun tí ó ń wí ni pé ipa-ọ̀nà iná sẹ́ńsọ̀ kíráńkì ní àléébù. Sẹ́ńsọ̀ wà lójú ọ̀nà yẹn, wáyà wà níbẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì náà sì wà níbẹ̀. Èmi tíṣà kò ka gbólóhùn náà dé òpin.

Bàbá fa sọ́kẹ́ẹ̀tì jáde. Inú rẹ̀ ti hu àwọ̀ ewé, bí ìkòkò bàbà tí a gbàgbé sínú omi. Ó mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó ṣe déédéé ihò rẹ̀, ó tì í wọlé. Ó yẹ kí ihò náà di irin mú, ṣùgbọ́n fúnra irin ni ó yọ́ jáde. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń ṣe dáadáa fún ọjọ́ díẹ̀ bí a bá ti yí sẹ́ńsọ̀ padà: títú u àti dídè é ni ó ń jẹ́ kí irin tún fara kan irin fún ìgbà díẹ̀.

Ó ra sọ́kẹ́ẹ̀tì àlòkù, irú èyí tí a ń pè ní Belgium, tí a gé tòun ti wáyà tí ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́. Ó yọ orí bátìrì. Ó sàmì sí wáyà méjèèjì kí wọ́n má baà pààrọ̀ ààyè, nítorí bí a bá dè wọ́n lódìkejì, iṣẹ́ tí wọn yóò jẹ́ yóò dojúrú. Ó gé ọ̀kan, kò sì gé èkejì títí tí ó fi so ti àkọ́kọ́ tán. Kò gé wọn ní ibi kan náà, kí ojú ìsopọ̀ méjèèjì má baà kan ara wọn. Nígbà tí ó rí i pé bàbà inú wáyà ti dúdú, ó gé e wọlé sí i títí ó fi dé ibi tí ó ń dán. Ó kọ́kọ́ ti rọ́bà tí í súnkì bí iná bá rà á bọ wáyà lọ́rùn, kí ó tó lọ́ wọn pọ̀, tí ó fi òjé jó wọn. Lẹ́yìn náà ni ó fa rọ́bà bo ojú ìsopọ̀, ó sì fi iná rà á títí ó fi fún mọ́ ọn. Ó fi gíríìsì tí kì í gba omi láyè sí ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì so wáyà jìnnà sí bẹ́líìtì àti páìpù èéfín. Kò lo tépù lásán. Ó ní ooru àti ọ́ìlì ni yóò tú u kí òjò mìíràn tó dé. Ó tún fi igi mi wáyà náà. Ẹ́ńjìnnì kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Gbogbo owó rẹ̀ jẹ́ ₦7,000.

Mo gbé sẹ́ńsọ̀ àkọ́kọ́, èyí tí mo pè ní ayédèrú, jáde láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Bàbá fi mítà wọ̀n ọ́n. Ó ní, “Kò sí ohun tí ó ṣe èyí.” Ó wá gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sókè, ó fi rọ́bà pẹlẹbẹ kan hàn mí tí ẹnì kan gé lára táyà, tí ó sì fi so ó mọ́ra dáadáa. Ó ní, “Ẹni tí ó so èyí mọ iṣẹ́. Ó mọ ibi tí àrùn wà, ó kàn jẹ́ pé kò ní èyí tí yóò fi pààrọ̀ ni.”

Ọmọ yẹn ni. Nígbà tí mo kọ̀ láti san ₦3,000, kò jẹ́ kí n lọ bẹ́ẹ̀. Ó so ó fún mi láìgba kọ́bọ̀, kò sì fi ṣe àwíjàre ní ọjọ́ tí mo ń pè é ní olè.

Ojú ọjà ni mo ti bú u, nítorí náà n kò lè lọ bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Mo dé Ìyànà-Ìbà ní ọ̀sán, mo pe àwọn ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ jọ, mo sọ ohun tí mo ṣe àti ohun tí mo rí. Mo ní ọ̀gá wọn sọ òótọ́, èmi ni mo ṣì í pè. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, mo dì í mú. Ó ní, “Tíṣà, ṣé ó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa báyìí?” Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo ojú ìsopọ̀ náà pẹ́, ó sì ní iṣẹ́ bàbá náà mọ́. Lẹ́yìn náà ni ọmọ-iṣẹ́ kan sọ fún mi pé oníbàárà méjì tí ó wà lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà kò padà wá mọ́. Mo mọ ọ̀kan nínú wọn, mo lọ sí ilé rẹ̀, mo sì ṣàlàyé. Ẹnì kejì, n kò mọ ibi tí ó ń gbé títí di òní.

Ẹ̀yin ònkàwé, bí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn nínú ọkọ̀ àgbà, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ sọ́kẹ́ẹ̀tì àti wáyà wò kí ẹ tó ra sẹ́ńsọ̀. Bí ọmọ tí ẹ kọ́ bá sì sọ fún yín pé ibi báyìí ni àléébù wà, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wò ó. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. ₦3,000 ni mo fẹ́ fi pamọ́, ₦29,000 ni mo fi wá a, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orúkọ ọmọ ọlọ́mọ kún un.