Kí Wọ́n Tó Béèrè Lẹ́ẹ̀kejì

Gbogbo àwa tá a lọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá la mọ orin yìí. Tíṣà á wọlé, kíláàsì á dìde gìrì, ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì á máa ké lórí sìmẹ́ǹtì, a ó sì fà á gùn pé "Goo-ood mo-o-orning, sir!" Tíṣà á ní "How are you?" Àwa náà á ní "We are fi-i-ine, thank you, sir!" Ẹni tí ibà ń bá fínra wà nínú wa, ẹni tí kò jẹun kúrò nílé wà nínú wa, ẹni tí ẹgba àná ò tíì tutù lẹ́yìn rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Fine ni gbogbo wa. Tíṣà á ní ká jókòó, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yẹn wúlò, àmọ́ ó ku díẹ̀ káàtó. Lọ́dọ̀ àwọn tó ni èdè, ìdáhùn ò parí síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá bi gbọ́dọ̀ béèrè padà: "Fine, thanks. And you?" Bíi bọ́ọ̀lù orí tábìlì ni: bó bá ti kàn ọ́, dá a padà kíá, má dì í mú sọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré tó gbẹ̀yìn yẹn ló sì le jù lẹ́nu ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá. Pípè rẹ̀ ò le rárá. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ló le.

Nílé wa, àgbà ló ń béèrè. Ọmọdé á kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, á ní "Ẹ káàárọ̀, mà." Àgbà á ní "Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé o jí ire? Mọ́mì rẹ ńkọ́? Ilé ìwé ńkọ́?" Ọmọ á máa dáhùn níkọ̀ọ̀kan: wọ́n wà, mà, dáadáa ni, mà. Bí ọmọ náà bá wá gbójú sókè, tó ní "Ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé ara yín le?" àgbà lè má bínú, ṣùgbọ́n á wò ó lẹ́ẹ̀mejì, á sì fẹ́ mọ ọmọ ẹni tí í ṣe. Ìbéèrè lẹ́tọ̀ọ́ ẹni tó ń béèrè. Ẹni tó bá tètè béèrè ju ipò rẹ̀ lọ ti fi ara rẹ̀ sí àga tí wọn ò gbé fún un.

Ẹ wá gbé ọmọ yìí lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oṣù kejì ọdún 2022 ni ìjọba ibẹ̀ fàyè sílẹ̀ pé kí àwọn olùtọ́jú láti òkè òkun máa gba físà fún iṣẹ́ náà. Oṣù keje ọdún 2025 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn ọ̀hún mọ́ àwọn tuntun. Láàárín ìgbà yẹn, àwọn èèyàn wa lọ lọ́pọ̀: tíṣà, òṣìṣẹ́ báńkì, ẹni tó ti ń pàṣẹ fún ènìyàn níléeṣẹ́ tirẹ̀. Ní aago méje òwúrọ̀, ọ̀gá wọlé, obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. "Morning! You all right?" Ọmọ wa tẹ eékún díẹ̀, ó wolẹ̀, ó ní "Good morning, ma. I am fine, ma. Thank you, ma." Ó dákẹ́. Ọ̀gá dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń retí nǹkan, ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ wa gbà pé òun ti bọ̀wọ̀ fún àgbà dé góńgó: òun ò wò ó lójú, òun ò sì bi í ní ìbéèrèkíbèérè. Ọ̀gá ń rò ó lọ pé obìnrin yìí ò fẹ́ràn òun. Àárín wọn ti ń tutù láìsí ẹni tó ṣẹ ẹnì kan.

Àwọn kan máa ń kọ àkójọ ìdáhùn fún àlejò pé kó há a sórí. N kì í bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n àìhá-sórí kọ́ ló ń dààmú ọmọ yìí. Ó ti há tirẹ̀ sórí láti kíláàsì kìíní. Ohun tó yẹ kí ẹnì kan sọ fún un ni pé nínú ìkíni yìí, kò sí àgbà, kò sí ọmọdé. Ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá tó máa gbà, ẹgbẹ́ ni òun àti ọ̀gá, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló sì gbé àga ẹgbẹ́ fún un. Bí kò bá dá ìbéèrè padà, àga yẹn ló kọ̀.

"You all right?" fúnra rẹ̀ máa ń já àlejò láyà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ á fọwọ́ kan ojú ara rẹ̀ wò, bóyá nǹkan ti ṣe òun tí òun ò mọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ò ju "Yeah, you?" lọ, wọn kì í sì í dúró fún un, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ. Bó bá jẹ́ Nottingham tàbí Derby lo wà, wọ́n lè ní "Ay up, me duck", kí wọ́n sọ ọ́ di pẹ́pẹ́yẹ wọn láàárọ̀ kùtùkùtù. Ìfẹ́ ni. Dá a lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín. "How do you do?" ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n bó o bá bá a pàdé lọ́dọ̀ àwọn àgbà, má ṣe wá èsì kankan fún un: ìwọ náà á sọ ọ́ padà bó ṣe rí gẹ́lẹ́, ẹ ó bọra yín lọ́wọ́, ó parí. Èyí tí mi ò tíì fẹ́ràn títí di òní ni pé ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n ń kíra. Àwa tá a ní ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, tá a lè kí ẹni kan náà nígbà mẹ́fà kí ilẹ̀ tó ṣú, bá a bá tún pàdé wọn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní aago mẹ́wàá, ẹ̀rín tí kò dé eyín nìkan ló kù fún wa.

Síbẹ̀, àwọn ìdáhùn wọn kan wà tí inú mi máa ń dùn sí. Bi ará Amẹ́ríkà pé báwo ni, á ní "Great!" Bi Gẹ̀ẹ́sì, á ní "Not too bad", tàbí "Can't complain", bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ di dókítà ni. Ta ni kò mọ ohùn yẹn nínú wa? Ọkùnrin tó kọ́ ilé alájà mẹ́ta tán lánàá, bi í, á ní "A dúpẹ́, a ń gbìyànjú." Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé ìyẹ̀fun ara rẹ̀ sí ojú afẹ́fẹ́. Lórí èyí, a sún mọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju bí Amẹ́ríkà ṣe sún mọ́ wọn lọ.

Ojú ọjọ́ ńkọ́? Láti ọdún 1758 ni Samuel Johnson, òǹkọ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ ọ́ pé bí Gẹ̀ẹ́sì méjì bá pàdé, ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Kate Fox, onímọ̀ nípa ìgbé ayé ọmọ ènìyàn, tún gbé e yẹ̀ wò nínú ìwé tó kọ nípa àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́dún 2004, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé òfin kan wà níbẹ̀: ẹni tí wọ́n bá sọ ọ́ fún gbọ́dọ̀ gbà. Bí aládùúgbò rẹ bá ní "Lovely day, isn't it?" nígbà tí ìwọ wọ kóòtù lé súwẹ́tà tí eyín rẹ ń gbá ara wọn, má ṣe jẹ́rìí òtútù fún un. "It is, isn't it?" ni ìdáhùn. Nínú eré Pygmalion tí George Bernard Shaw kọ, tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1914, ọ̀jọ̀gbọ́n Higgins kọ́ Eliza, ọmọbìnrin tó ń ta òdòdó, ní èdè àwọn ọlọ́lá, ó sì ní kó má kúrò lórí nǹkan méjì: ojú ọjọ́ àti ìlera. Eliza pe "How do you do?" láìkù síbì kan. Ìgbà tó dórí ìlera ló wá ń ròyìn fún gbogbo ilé pé àǹtí òun kú, wọ́n ní àrùn ni, ṣùgbọ́n lójú tòun, ńṣe ni wọ́n pa á. Wọ́n bi í, ó dáhùn lóòótọ́. Eré yẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí mo mọ àwọn Eliza tó pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù.

Nítorí irú èyí ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi máa ń sọ pé ìkíni òyìnbó ò dénú, pé tiwa ló ní òótọ́ nínú. Èmi ò gbà. Lọ́dún 1923, Bronislaw Malinowski, ọmọ ilẹ̀ Póláńdì tó ń kọ́ni ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ kan wà tí ènìyàn kì í sọ nítorí ìròyìn, bí kò ṣe kí àjọṣe má bàa já. Àárín àwọn ará erékùṣù Trobriand ló ti lọ gbé kó tó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ní ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú pálọ̀ àwọn òyìnbó. Ì bá ti bá a náà nílé wa. Ta ló ń fi ìṣirò gbèsè dáhùn "Ṣé àlàáfíà ni?" Ẹni tó wà lórí ibùsùn ọsibítù pàápàá á ní "Ara ń mókun."

Ohun tá a fi yàtọ̀ ni gígùn. Àwa á béèrè ọkọ, á béèrè ìyá ọkọ, á máa pe ọmọ lórúkọ lọ, nígbà tá a bá sì dé orí ọmọ kẹrin, ẹni tó ti ń sọ pé gbogbo wọn wà látàárọ̀ á mí kanlẹ̀. Ibẹ̀ ni òótọ́ ti ń jáde. Gẹ̀ẹ́sì ò ní irú àyè yẹn nínú ìkíni tiwọn, wọ́n wá fi òótọ́ sínú ìbéèrè kejì. Èyí àkọ́kọ́ ni "How are you?", o ní "Fine". Omi tíì á hó, wọ́n á gbé ife lé ọ lọ́wọ́, ohùn á wálẹ̀: "No, but how are you, really?" Tàbí kí wọ́n kàn wò ọ́, kí wọ́n ní "You sure?" Ìyẹn ni ìbéèrè. Ẹni tó bá tún fi "Fine" dá a lóhùn ti ti ilẹ̀kùn. Àwọn arúgbó inú ilé ìtọ́jú yẹn nìkan ni mo mọ̀ tí wọ́n ń fẹ́ tiwa tó gùn. Olùtọ́jú á fa kọ́tìnnì, á ní "Good morning, mama, how was the night? How is the leg? Did your daughter call?" Ìyá náà á sì jókòó dáadáa sórí ìrọ̀rí, á máa ròyìn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti lè ṣeni léṣe ni ọ̀dọ̀ dókítà. Mo máa ń bá àbúrò ìyá mi kan lọ síbẹ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 ni wọ́n ń fún aláìsàn kan. Dókítà jáde wá pè wọ́n, ó ní "Hello, how are you?" Wọ́n ní "Fine, thank you, doctor. We thank God." Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ dókítà jókòó, ó kọjú sí wọn, ó ní "So, how have you been?" Wọ́n tún ní "Fine, fine", wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ilé rẹ̀, orúnkún wọn sì wú lábẹ́ ìró. Èmi ni mo gbẹ́nu sọ̀rọ̀.

Nígbà tó tún yá, a jókòó sórí àga à ń retí ìpè, mo ṣàlàyé fún wọn: "Ẹnu ọ̀nà ni ìkíni, Àǹtí. Ẹ ní fine níbẹ̀, ẹ sì béèrè tirẹ̀. Bó bá ti jókòó tó tún béèrè, orúnkún ló ń béèrè yẹn o. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ìgbà tí ẹ ò ti lè gun àtẹ̀gùn mọ́." Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n tún ìró wé, wọ́n wo ilẹ̀kùn dókítà, wọ́n yíjú sí mi.

"Ìgbà wo wá ni mo fẹ́ béèrè àwọn ọmọ rẹ̀?"