Ẹnu Ọ̀nà Ta Ni Ká Lóṣòó Sí?

Nígbà tí à ń múra ọgọ́rin ọdún ìyá wa ní Iléṣà, àbúrò mi fi fláṣì kan ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní Wi-Fi tirẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ara rẹ̀, iná á tàn, ẹ ṣí áàpù rẹ̀ lórí fóònù, fọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láìsí wáyà, láìná kọ́bọ̀ dátà. Fóònù bíi méje ni mo kó fọ́tò inú wọn sí i lọ́jọ́ ayẹyẹ náà. Mo yangàn díẹ̀, n kò ní purọ́.

Ìyá ti papò dà báyìí. Fóònù mi náà já sínú bókẹ́ẹ̀tì omi. Mo ra tuntun, mo wá áàpù náà tì, ni mo bá gbé fláṣì lọ bá àwọn oníṣẹ́ fóònù ní Ọláìyá, níbí ní Òṣogbo.

Ọmọ kan níbẹ̀ ní: “Mọ́mì, wọ́n ti yọ áàpù yẹn. Fláṣì yín ò bàjẹ́ o.”

Èyí tó dùn mí jù nìyẹn. Kò bàjẹ́. Iná rẹ̀ ṣì ń tàn.

Àṣé irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀ tipẹ́. Ní 2017, nígbà tí Apple gbé iOS 11 jáde, àwọn áàpù àtijọ́ oní-32-bit tí ẹnikẹ́ni kò tún kọ kò ṣí mọ́ lórí iPhone. Tèmi tilẹ̀ sàn. Ní oṣù kẹfà 2021, ọ̀pọ̀ àwọn tó ní My Book Live, àpótí ìkó-fáìlì-pamọ́ ti Western Digital, bá a lófìfo: àwọn ọ̀daràn gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, wọ́n pa ohun inú rẹ̀ rẹ́. Láti 2015 ni Western Digital kò ti ṣe àtúnṣe sí i mọ́. Ìmọ̀ràn tí ilé iṣẹ́ náà rí fún oníbàárà ni pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Òṣómàáló ni bàbá ìyá mi. Á ta aṣọ láwìn fún ará ìlú mìíràn. Bí ọjọ́ bá pé, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Àwọn èèyàn bú àwọn òṣómàáló títí. Ṣùgbọ́n aṣọ tó bá ti tà, ó ti tà á nìyẹn. Bí òun fúnra rẹ̀ tilẹ̀ kú sọ́nà Èkìtì, bùbá tí wọ́n fi aṣọ rẹ̀ rán kò ní torí ẹ̀ kọ̀ láti wọ̀ lọ́rùn. Owó pérépéré ni àbúrò mi san ní tirẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ta ni kí èmi ọmọ Ìjẹ̀ṣà lọ lóṣòó sí?

Ọmọ oníṣẹ́ fóònù náà yí fláṣì síbí sọ́hùn-ún, ó fa ìdérí kan tí n kò fọwọ́ kàn rí. Ẹnu irin ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó kì í bọ kọ̀ǹpútà, ìyá mi sì yọ nínú àrán pupa, ó wé gèlè, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní òun mọ áàpù kan tó ń tọ́jú fọ́tò lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní kó kọ́kọ́ tẹ mẹ́wàá síta fún mi, lórí bébà tó nípọn.