Ọ̀nà Ojú Irin Àtijọ́ Tí Màmá Yóò Máa Rìn ní Bristol

Sí gbogbo ẹbí ní Ẹmùré-Èkìtì,

Ojú irin ni ọ̀nà tí ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ jọ ń gbà báyìí láti Bristol dé Bath nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ tẹ́lẹ̀. Máìlì 13 ni gígùn rẹ̀. Ìtòsí Old Market ní àárín Bristol ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gba Easton, Fishponds, Staple Hill, Mangotsfield, Warmley àti Bitton kọjá kó tó dé Bath. Mọ́tò kì í gbà á, ọ̀kadà kì í gbà á. Màmá tó bá ti Ẹmùré wá wẹ ọmọ ní àdúgbò yìí, orí ọ̀nà náà ni wọn yóò ti máa ti ọmọ kiri nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ, ìbáà jẹ́ ọjà ni wọ́n ń lọ, ìbáà jẹ́ pé wọ́n kàn fẹ́ na ẹsẹ̀. Ó yẹ kí àwọn ará ilé ti ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó wọ bàálù.

Ilé-iṣẹ́ Midland Railway ló ni ojú irin náà. Ọdún 1869 ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá tó ti Mangotsfield lọ sí Bath. Ní 1963, Richard Beeching, alága àjọ rélùwéè ìjọba, kọ ìròyìn kan tó ní kí wọ́n ti ibùdókọ̀ tó lé ní 2,000 pa káàkiri ilẹ̀ náà, torí owó tó ń wọlé níbẹ̀ kò tó èyí tí wọ́n ń ná. Ní 1966, ọkọ̀ èrò dáwọ́ dúró lójú ọ̀nà Bath yìí. Ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Cyclebag, tí àwọn ará Bristol dá sílẹ̀ ní 1977, ló pinnu pé ilẹ̀ náà kò gbọdọ̀ ṣòfò. Láti 1979 dé 1986 ni wọ́n fi ń sọ ọ́ di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́. Ẹgbẹ́ náà ló di Sustrans lẹ́yìn náà, àpẹẹrẹ Bristol sì ni ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn wò ṣe tiwọn.

Ẹ̀rù lè ba ẹni tó bá gbọ́ pé ojú irin ni òun fẹ́ máa rìn, pàápàá ẹni tó dàgbà níbi tí kò sí rélùwéè. Ojú irin tó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, tó sì dé Òṣogbo ní 1907, kò yà sí Èkìtì. Kí ọkàn Màmá balẹ̀: wọ́n ti ká irin kúrò, wọ́n sì ti da ọ̀dà sí i. Ní Bitton, wọ́n ṣì lè gbọ́ fèrè rélùwéè. Àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ ló ń wa ọkọ̀ ojú irin eléèéfín níbẹ̀, irin tiwọn sì wà lọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Ọ̀nà yìí dára fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Rélùwéè kò lè gun òkè tó ga, nítorí náà àwọn tó la ọ̀nà náà gé òkè níbi tó yẹ, wọ́n sì kó yẹ̀pẹ̀ kún ibi tó rẹlẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò dà bí ọ̀nà ẹsẹ̀ àpáta Ìkẹ́rẹ́. Ní Staple Hill, abẹ́ òkè ni wọ́n lu já: ihò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì kìlómítà, iná wà nínú rẹ̀, òtútù sì máa ń mú níbẹ̀ nígbà tí oòrùn ń ràn níta. Kí wọ́n fi aṣọ bo ọmọ kí wọ́n tó wọ ibẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni bí àwọn èèyàn ṣe ń pín ọ̀nà náà lò. Ìbú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà 3 lọ, orí ìwọ̀nba yẹn sì ni asáré, ọmọ ilé-ìwé, arúgbó, ajá àti oníkẹ̀kẹ́ tó ń kánjú lọ síbi iṣẹ́ ti ń pàdé. Òfin ìrìnnà tí wọ́n tún ṣe ní oṣù Kìíní ọdún 2022 sọ ọ́ kedere pé ẹni tó lè ṣe ẹlòmíràn léṣe jù ló gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù. Oníkẹ̀kẹ́ ló yẹ kó rọra fún ẹlẹ́sẹ̀. Kí Màmá mọ èyí dájú, kí wọ́n má baà máa sá wọnú koríko nígbàkigbà tí kẹ̀kẹ́ bá yọ.

Aago kẹ̀kẹ́ ló máa ń ṣi àlejò lọ́nà jù. Ní Ẹmùré, bí ọ̀kadà bá fọn fèrè lẹ́yìn èèyàn, kí onítọ̀hún yà lọ́nà kíákíá ló ń wí. Ní Bristol, oníkẹ̀kẹ́ tó lu aago kàn ń sọ pé òun wà lẹ́yìn, òun fẹ́ kọjá. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, tó wá fò sápá ọ̀tún lójijì, iwájú kẹ̀kẹ́ gan-an ló fò sí, torí ọ̀tún ni oníkẹ̀kẹ́ fẹ́ gbà kọjá. Láti oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún, ó sì ti mọ́ ẹsẹ̀ lára. Òsì ni tilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí Màmá di kẹ̀kẹ́ ọmọ mú, kí wọ́n máa lọ tààrà lápá òsì, kẹ̀kẹ́ yóò kọjá. Bí wọ́n bá fẹ́ dúró tún aṣọ ọmọ ṣe, kí wọ́n kọ́kọ́ wẹ̀yìn, kí wọ́n ti ọmọ bọ́ sórí koríko, kí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì.

Bí àwọn ará ìjọ bá sìn wọ́n jáde, kí wọ́n má ṣe to ara wọn dí ọ̀nà; méjì méjì ti tó. Bí wọ́n bá kí ẹnì kan tí kò dáhùn, kì í ṣe ìwọ̀sí: ọ̀pọ̀ ló ti fi orin dí etí. Kí wọ́n ṣọ́ okùn ajá, ó máa ń dá ọ̀nà kọjá.

Àbúrò tó ń bọ̀ wá kàwé kò gbọdọ̀ ra sikútà oníná, torí òfin kò gba ti ara ẹni láyè ní ìgboro. Bó bá ra kẹ̀kẹ́, iná funfun níwájú àti iná pupa lẹ́yìn pọn dandan lálẹ́.

Nínú oṣù Kejìlá, oòrùn ti ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kì í sì í ṣe gbogbo ọ̀nà náà ni iná wà. Àárọ̀ tí omi bá dì, ó máa ń yọ̀ bọ̀rọ́. Bàtà tó di ẹsẹ̀ mú ni kí wọ́n dì sí ẹrù.

Ọ̀nà náà rẹlẹ̀ ju ìgboro lọ ní àwọn ibì kan, ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò ní rí ilé, ó sì lè kọjá ibi tó yẹ kó ti jáde láìmọ̀. Kí ọmọ tó gbà wọ́n lálejò bá wọn rìn ín nígbà àkọ́kọ́, kó fi ibi àbájáde tó sún mọ́ ilé hàn wọ́n, kó sì kọ àdírẹ́sì sínú àpò wọn. 999 ni nọ́ńbà pàjáwìrì, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ọmọ yín ní Bristol